Bí ẹ ṣe lè fi ọgbà orí dẹ́kìn lé ooru kúrò nílé

Ẹni tó bá ń gbé àjà òkè pátápátá nínú ilé onídẹ́kìn, ní Surulérè ni o, ní Mọ́kọ́lá Ìbàdàn ni o, kò nílò ẹni tó máa ṣàlàyé ooru fún un. Oòrùn ti wọ̀ tipẹ́, àwọn tó wà nísàlẹ̀ ti ń najú lójúde, ṣùgbọ́n bí ẹ bá gun àga ní aago mẹ́wàá alẹ́, tí ẹ fọwọ́ kan abẹ́ dẹ́kìn, ṣe ló dà bí ara ìkòkò tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀. Kọnkéré ń gba oòrùn mu látàárọ̀, ó ń tọ́jú rẹ̀ pa mọ́, alẹ́ ló wá ń dà á lé ẹni tó wà lábẹ́ rẹ̀ lórí. Fáànù ò lé e lọ, ó kàn ń fẹ́ ẹ kiri inú yàrá ni. A/C ń lé e lọ lóòótọ́, ojú fèrèsé aládùúgbò ló sì ń lé e lọ.

Ọ̀nà méjì ni ọgbà ń gbà gba ilé sílẹ̀ lọ́wọ́ ìyà yìí. Èkíní, ewé àti ilẹ̀ a máa gba oòrùn kó tó kan kọnkéré. Èkejì ló lágbára jù. Omi tí gbòǹgbò bá fà sókè, ojú ewé ló ń gbà jáde bí oru, kò sì lè di oru láìgbé ooru lọ́wọ́. Lítà omi kan ṣoṣo tó bá gbẹ báyìí lára ewé, ooru tó gbé lọ tó èyí tí A/C 1HP máa ń lé jáde ní nǹkan bí ìṣẹ́jú 15, láìsí iná NẸ́PÀ, láìsí jẹnẹrétọ̀. Kì í ṣe pé inú yàrá gan-an ló ti ń gbé e o. Orí òrùlé àti afẹ́fẹ́ àyíká ibẹ̀ ló ti ń mú un. EPA, àjọ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àyíká ní Amẹ́ríkà, ní ojú òrùlé tí wọ́n gbin nǹkan sí lè fi dígírì Celsius 17 sí 22 tutù ju òrùlé lásán lọ. Nílùú Chicago, lẹ́yìn tí ooru ọdún 1995 pa èèyàn tó lé ní 700, ìjọba ìlú náà ṣe ọgbà sórí òrùlé City Hall fúnra rẹ̀. Wọ́n parí rẹ̀ ní 2001.

Ẹ jẹ́ ká tètè gbà pé ọgbà kan ò lè tu gbogbo Muṣin lára. Ìgbà tí òrùlé bá pọ̀ ni àdúgbò máa mọ̀ ọ́n lára. Yàrá tó wà lábẹ́ tiyín ló máa kọ́kọ́ jẹ ẹ́. Ohun tí mo sì fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn bí ẹ ṣe ń kà á lọ ni pé ọ̀rọ̀ omi ni gbogbo iṣẹ́ yìí. Omi tó bá gba ojú ewé jáde ń tu ilé. Èyí tó bá dúró sójú kan ń wúwo, ó sì ń bí ẹ̀fọn. Èyí tó bá gba inú kọnkéré lọ ń jẹ irin.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ wo irú òrùlé tí ẹ ní

Bó bá jẹ́ páànù, ẹ má gbé ilẹ̀ lé e. Igi àti ìṣó tó gbé páànù dúró, páànù nìkan ni wọ́n ṣe wọ́n fún. Ohun tí onílé páànù lè ṣe ni kó gbin nǹkan tó ń fà sílẹ̀ lẹ́bàá ògiri, kó fi okùn fà á gòkè síwájú ògiri tí oòrùn ìrọ̀lẹ́ ń bà. Ẹ̀yin onídẹ́kìn ni ìyókù ọ̀rọ̀ yìí wà fún.

Bí ẹ bá jẹ́ ayálégbé, ẹ lọ bá lánlọ́ọ̀dù kí ẹ tó ra nǹkan kan, kí àdéhùn náà sì wà nínú ìwé. Lọ́jọ́ tí omi bá jò sí yàrá ẹlòmíràn, ọ̀rọ̀ ẹnu ò ní gbà yín sílẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kejì: ìwúwo

Ibí yìí ni mo ti máa pẹ́ díẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni ikú wà.

Ní ọjọ́ 20 oṣù karùn-ún 2016, òrùlé gbọ̀ngàn eré ìdárayá kan já lulẹ̀ ní City University of Hong Kong. Èèyàn mẹ́ta fara pa. Wọ́n ti gbin ewéko sórí òrùlé náà. Ohun mẹ́ta ni ìwádìí tọ́ka sí: sìmẹ́ǹtì tí wọ́n fi tẹ́ ojú òrùlé náà nípọn ju èyí tó wà nínú ìṣírò lọ, ewéko tún gorí rẹ̀, omi tún dúró síbẹ̀. Ẹ wo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dáadáa. Dẹ́kìn tiwa ń kọ́? Lọ́dún tí ó bá ti jò, bíríkìlà á gòkè, á tún sìmẹ́ǹtì míì rẹ́ lé e. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, á tún rẹ́ òmíràn. Kò sẹ́ni tó ń ka iye ìgbà.

Ìlànà ìkọ́lé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí ọ̀pọ̀ ẹnjiníà wa kọ́ṣẹ́ pẹ̀lú rẹ̀, ka ẹrù 150 kílò sí orí mítà kan níbùú, mítà kan lóròó, fún dẹ́kìn tí èèyàn lè máa gùn. Èyí tí wọn ò ṣe fún kí èèyàn máa gùn kò ju ìdajì ìyẹn lọ. Ẹ wá wo ilẹ̀. Erùpẹ̀ lásán tí omi ti rin, tó jìn ní sẹ̀ńtímítà 10 péré lórí mítà kan yẹn, á wọn 160 sí 200 kílò. Ìyẹn ni pé kí ẹ tó gbé ẹsẹ̀ lé e, ó ti kọjá ìwọ̀n. Táńkì omi onílítà 1,000 tó ti wà lókè yẹn náà, tọ́ọ̀nù kan ni bó bá kún, orí ibi tí kò tóbi ju ẹní ìkírun lọ ló sì jókòó sí. Ọ̀pọ̀ ló gbé e lé e láìbi ẹnikẹ́ni.

Torí náà, ẹ pe ẹnjiníà ilé, kì í ṣe bíríkìlà, kó wá wò ó. Bó bá ṣeé ṣe, ẹ wá ìwé àwòrán ilé jáde fún un. Ẹ ní kó fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí ibi tí bíìmù, ìyẹn ọ̀pá kọnkéré onírin tó gbé dẹ́kìn dúró, gbà àti ibi tí òpó wà lábẹ́. Bí ẹ bá rí i tí irin ti yọ lábẹ́ dẹ́kìn, tàbí tí sìmẹ́ǹtì ń rẹ̀ dànù, tàbí tí ìlà lílà kan gba àárín kọjá, ọ̀rọ̀ ọgbà ti parí nìyẹn títí wọn á fi tún un ṣe.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ fi omi dán an wò

Àkókò ọyẹ́ ló dáa jù fún iṣẹ́ yìí, nítorí kọnkéré ti gbẹ. Ẹ gbá ojú dẹ́kìn mọ́ tónítóní. Lẹ́yìn tí ẹnjiníà bá ti gbà pé ó lè gbé e, ẹ fi àkísà àti ọ̀rá dí ihò omi, ẹ tú omi sí i kó tó sẹ̀ńtímítà méjì ààbọ̀, ẹ fi sílẹ̀ di ọjọ́ kejì, wákàtí 24 ó kéré tán. Omi yìí náà ní ìwúwo o, kílò 25 lórí mítà kọ̀ọ̀kan, ìdí nìyẹn tí kò fi gbọ́dọ̀ ṣáájú ẹnjiníà. Kí ẹnì kan máa wọ yàrá ìsàlẹ̀ wò pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì. Àbàwọ́n omi tó kéré bíi kọ́bọ̀, ẹ yí i ká pẹ̀lú pẹ́ńsù, kí ẹ kọ àkókò sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Bó bá ti fẹ̀ kọjá ìlà náà kílẹ̀ tó mọ́, ẹ ti rí ibi tó ń jò.

Àtúnṣe tó dájú ni fẹ́ẹ̀tì dúdú tí wọ́n ń fi iná gáàsì lẹ̀ mọ́ dẹ́kìn. Kó gun ara párápẹ́ẹ̀tì, ìyẹn ògiri kúkúrú tó yí etí dẹ́kìn ká, tó sẹ̀ńtímítà 15, nítorí kọ̀rọ̀ tí ilẹ̀ àti ògiri ti pàdé ni omi fẹ́ràn jù. Sìmẹ́ǹtì tí wọ́n po oògùn mọ́ nìkan kì í pẹ́ kó tó là, torí pé dẹ́kìn ń fẹ̀ lọ́sàn-án, ó ń sún kì lóru. Oòrùn náà ló máa ń pa fẹ́ẹ̀tì, bí òjìji ọgbà bá sì wà lórí rẹ̀, á pẹ́ láyé ju ti aládùúgbò lọ.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ọ̀nà àbájáde omi

Kí dẹ́kìn dẹ̀gẹ̀rẹ̀ síhà ihò omi, sẹ̀ńtímítà méjì nínú gígùn mítà kan ti tó. Bí ihò kan ṣoṣo bá wà, ẹ jẹ́ kí pulọ́mbà lu èkejì, kó ga ju ti àkọ́kọ́ díẹ̀, kí omi lè rí ibi gbà lọ́jọ́ tí ewé bá dí ìsàlẹ̀. Ẹ ṣírò rẹ̀ wò: òjò tó bá rọ̀ tó mìlímítà 50 lórí dẹ́kìn tó fẹ̀ tó mítà mẹ́fà sí mítà mẹ́wàá, lítà 3,000 ni. Bí ihò bá dí, tọ́ọ̀nù mẹ́ta ló jókòó sórí yín yẹn, òjò Èkó sì máa ń rọ̀ bẹ́ẹ̀ ní oṣù kẹfà.

Ẹ fi àwọ̀n onírin bo ẹnu ihò náà, kí ẹ má sì to ohunkóhun sí ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà méjì ní àyíká rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ibi tí nǹkan á jókòó sí

Àwọn òyìnbó tó ń kọ́ ilé tuntun máa ń tẹ́ ilẹ̀ sórí òrùlé láti ìpẹ̀kun dé ìpẹ̀kun. Tẹ́lẹ̀tẹ́lẹ̀ ni wọ́n ti ṣírò rẹ̀ mọ́ ilé. Fún ilé tó ti wà nílẹ̀ bíi tiwa, èmi ò gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn bẹ́ẹ̀. Inú àpótí pákó tí kò jìn, àpò ìrẹsì, dúrọ́ọ̀mù tí wọ́n là sí méjì àti ike ọ̀dà ni kí ẹ gbin nǹkan sí. Bí dẹ́kìn bá jò, ẹ ó lè gbé wọn kúrò lójú kan. Èyí tí wọ́n tẹ́ ilẹ̀ sí, ṣọ́bìrì ni ẹ máa fi wá ojú rẹ̀.

Ẹ má gbé wọn lé dẹ́kìn ní tààrà. Ẹ to pálẹ́ẹ̀tì tàbí pákó sábẹ́ wọn, kí atẹ́gùn lè máa kọjá, kí omi lè ṣàn, kí ẹ sì lè máa bẹ abẹ́ rẹ̀ wò. Èyí tó wúwo, dúrọ́ọ̀mù àti ike ńlá, lórí ìlà ṣọ́ọ̀kì tí ẹnjiníà fà ni kí wọ́n wà, lórí bíìmù, tàbí ní etí níbi tí ògiri gbé dẹ́kìn. Àárín yàrá ni dẹ́kìn ti rọ̀ jù. Ohun fífúyẹ́ nìkan ni kó dé ibẹ̀.

Báwo la ṣe máa wá ṣíji bo àárín? Okùn. Ẹ gbin amúnútutù, ugu tàbí elégédé sínú dúrọ́ọ̀mù ní etí méjèèjì, ẹ ta okùn kọjá láàárín wọn ní ìwọ̀n ìbàdí èèyàn, kí ewé fà kọjá lórí rẹ̀. Ewé á bo àárín dẹ́kìn, ilẹ̀ tó wúwo á sì wà ní etí níbi tó tọ́ sí. Nínú gbogbo ohun tó wà nínú ìtọ́sọ́nà yìí, bí ẹ bá ní kí n mú ẹyọ kan, òun ni màá mú. Ara irin tí wọ́n rì mọ́ òpó ni kí ẹ so okùn náà mọ́, kó má ga jù, nítorí ìjì tó ń ṣáájú òjò oṣù kẹta kì í ṣeré. Ohunkóhun ò gbọ́dọ̀ jókòó sórí párápẹ́ẹ̀tì. Ike òdòdó tó bá já láti àjà kẹta, òkò ni lórí ẹni tó ń kọjá lọ. Bí párápẹ́ẹ̀tì ò bá ga tó mítà kan, ẹ fi irin gbé e sókè kí àwọn ọmọdé tó mọ ọ̀nà ibẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: ilẹ̀ tó fúyẹ́

Ẹ má bu ilẹ̀ ẹ̀yìnkùlé gòkè. Ẹ po ilẹ̀ dúdú ìwọ̀n kan, ajílẹ̀ tó ti jẹrà dáadáa ìwọ̀n kan, àti èèpo ìrẹsì tí wọ́n jó di dúdú tàbí họ́họ́ àgbọn ìwọ̀n kan. Ẹni tó wà nítòsí Ọ̀fadà tàbí ibi èyíkéyìí tí wọ́n ti ń lọ ìrẹsì, ó lè rí èèpo yẹn gbà lọ́fẹ̀ẹ́. Ìgbẹ́ adìẹ tútù máa ń jó gbòǹgbò, òórùn rẹ̀ á sì dá ìjà sílẹ̀ láàárín ẹ̀yin àti aládùúgbò. Ẹ jẹ́ kó jẹrà tán nísàlẹ̀ kí ẹ tó gbé e gòkè.

Bí ẹ ó ṣe mọ ìwúwo rẹ̀ rèé. Ẹ bu àdàpọ̀ náà kún ike ọ̀dà onílítà 20, ẹ bomi rin ín títí tó fi ń ro nísàlẹ̀ (ẹ ti lu ihò sí i nídìí), kí ẹ wá gbé e lé òṣùwọ̀n àwọn tó ń ta ìrẹsì. Ike márùn-ún irú rẹ̀ ló kún mítà kan níbùú, mítà kan lóròó, pẹ̀lú jíjìn sẹ̀ńtímítà 10. Bí ike kan bá wọn 22 kílò, 110 nìyẹn. Bó bá wọn 35, 175 ni, ẹ padà lọ fi èèpo ìrẹsì kún un. Iye tó bá jáde ni kí ẹ gbé lọ fún ẹnjiníà, kó sọ bí iye àpótí ṣe gbọ́dọ̀ mọ.

Ní ìsàlẹ̀ àpótí, kí ilẹ̀ tó wọ̀ ọ́, ẹ da èèpo èkùrọ́ sí i, ó fúyẹ́ ju òkúta lọ, kí ẹ sì fi àpò ìrẹsì àtijọ́ bò ó kí ilẹ̀ má bàa ṣàn lọ dí ihò.

Ìgbésẹ̀ keje: ohun tí ẹ máa gbìn

Ní Yúróòpù, sedum ni wọ́n sábà máa ń tẹ́ sórí òrùlé nítorí pé ó lè gbé láìrí omi. Ọdúndún àti àbámodá tiwa, ẹbí kan náà ni wọ́n pẹ̀lú rẹ̀. Wọ́n dáa fún ibi tí ọwọ́ ò lè dé lójoojúmọ́, wọ́n á sì ṣíji bo dẹ́kìn. Ṣùgbọ́n omi ni wọ́n ń há mọ́ra, ohun tó jẹ́ kí wọ́n lè fara da ọ̀dá náà ni kò sì jẹ́ kí wọ́n tu ibẹ̀ tó bí ẹ̀fọ́ ṣe máa tù ú. Bó bá jẹ́ ooru ni ẹ ń bá jà, ewé fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ tó ń mu omi ni kó pọ̀ jù: tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ, ewédú, gbúre, efinrin. Ilẹ̀ tó jìn ní sẹ̀ńtímítà 15 tó wọn, àmọ́ ìlọ́po kan ààbọ̀ ìwúwo tí ẹ fi ike wọ̀n fún sẹ̀ńtímítà 10 nìyẹn, ẹ jẹ́ kí ẹnjiníà mọ̀. Ata àti tòmátì ń fẹ́ ike tó jìn tó 25. Ewúro máa ń fara da nǹkan, àmọ́ ẹ máa gé e wálẹ̀ kó má di igi.

Bí ẹ bá fẹ́ kó ẹ̀fọ́, ẹ gé e lókè, ẹ má fà á tu. Tẹ̀tẹ̀ àti ṣọkọ á tún rú. Àpótí tí wọ́n fà gbogbo rẹ̀ tu lẹ́ẹ̀kan náà ti di ilẹ̀ lásán lójú oòrùn, ilẹ̀ lásán kì í sì tu ilé. Ẹ jẹ́ kí ọjọ́ ìgbìn yàtọ̀ síra.

Ẹ má gbin ọ̀gẹ̀dẹ̀, ìbẹ́pẹ tàbí máńgòrò. Ọ̀dán tí ẹyẹ bá ṣu síbẹ̀ tó hù, ẹ fà á tu lọ́jọ́ tí ẹ bá rí i, torí gbòǹgbò rẹ̀ ń la ògiri.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: omi lójoojúmọ́

Láti oṣù kọkànlá títí òjò fi máa dé, ẹ ka lítà mẹ́rin sí márùn-ún sí mítà kọ̀ọ̀kan lójúmọ́. Bí ewéko bá gba mítà mẹ́wàá, kẹ́ẹ̀gì onílítà 25 méjì nìyẹn, lójoojúmọ́, lórí àtẹ̀gùn àjà mẹ́ta. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ọgbà orí dẹ́kìn máa ń kú sí. Ẹ má bẹ̀rẹ̀ ju iye tí ẹ lè máa bomi rin lọ nígbà tí NẸ́PÀ ò bá sí. Ẹ fa ọ́ọ̀sì láti ara táńkì. Omi tó ń kán lára A/C, ẹ gbé ike sí i, kò ní iyọ̀ nínú. Omi tí ẹ fi ṣan ìrẹsì tàbí ẹ̀fọ́ náà dáa. Omi tó ní bílíìṣì kò dáa. Ẹ̀yin tó wà níhà Lẹ́kí àti Àjáh, ẹ tọ́ omi bọ́họ̀ yín wò kí ẹ tó fi rin ín, bó bá ti ní iyọ̀ lẹ́nu, ewé á kọ́kọ́ jó létí, ilẹ̀ náà á sì bàjẹ́ bó bá yá.

Àárọ̀ kùtù ni kí ẹ máa bomi rin ín, kí ewé lè ní ohun tó máa mí jáde lọ́sàn-án. Ẹ tẹ́ koríko gbígbẹ sójú ilẹ̀. Ike tàbí abọ́ èyíkéyìí tí omi bá dúró sí, ẹ dà á nù lọ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan ó pẹ́ tán, torí tánwíjí kì í pẹ́ di ẹ̀fọn. Bí kòkòrò bá ń jẹ ewé, omi ewé dóńgóyárò tí wọ́n rẹ mọ́jú ni kí ẹ wọ́n sí i.

Ìgbésẹ̀ kẹsàn-án: ẹ wọ̀n ọ́n

Ẹ ra tẹmómítà yàrá méjì tí kò wọ́n. Kì í ṣe èyí tí wọ́n ń nà sí wa níwájú orí nígbà Kòrónà o, ooru ara èèyàn nìkan ni ìyẹn mọ̀. Ẹ gbé ọ̀kan sí yàrá tí ọgbà wà lórí rẹ̀, èkejì sí yàrá àjà kan náà tí nǹkan kan ò sí lórí rẹ̀. Ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́ kí ẹ tó gbin nǹkan, ní aago mẹ́ta ọ̀sán àti aago mẹ́wàá alẹ́. Ti alẹ́ ni kí ẹ fojú sí. Bí yàrá méjèèjì bá ṣì jọra lẹ́yìn tí ewé ti bo dẹ́kìn, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ojú fèrèsé tàbí ògiri ìwọ̀-oòrùn ni ooru tiyín ń gbà wọlé. Okùn àti amúnútutù lójú ògiri yẹn ló kàn.

Bí àbàwọ́n omi bá sì yọ lábẹ́ dẹ́kìn lẹ́yìn tí gbogbo rẹ̀ ti tò tán, ẹ má rẹ́ sìmẹ́ǹtì lé e láti òkè. Ẹ gbé àpótí tó wà ní ibẹ̀ àti ti àyíká rẹ̀ kúrò, ẹ jẹ́ kó gbẹ fún ọ̀sẹ̀ kan, ẹ lẹ fẹ́ẹ̀tì tuntun mọ́ ibẹ̀, ẹ tún fi omi dán an wò, kí ẹ tó dá wọn padà.